Hẹ́dífóònù Kẹta ní Iyaro

Bùọ̀dá mi Jayéọlá,

Ẹ kú òtútù ọ̀hún o. Ìyàwó yín ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Àlàáfíà la wà ní Bìní. Ibà Màmá ti lọ, wọ́n sì ti padà sí ọjà Uselu, wọ́n ń ná ẹja. Ìfẹ́olúwa ọmọ mi ṣì ń fi Píjìn dá wọn lóhùn.

Ní Sátidé, mo tẹ̀lé ọkọ mi lọ sí ìpàdé àwọn tó fẹ́ràn hẹ́dífóònù, ní Iyaro. Mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀, àmọ́ mo túúbá. Àgbà ọkùnrin dijú, wọ́n ń gbé hẹ́dífóònù mẹ́ta kọ́rí lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi wọ́n wéra. Ọ̀kan ń dún kìì kìì bí ẹni ń gúnyán nílé kejì. Èkejì rọ̀ létí bí òwú. Ẹ̀kẹta ni baba wọn: bí akọrin bá lá ètè, wàá gbọ́.

Wọ́n ní kí n fi ohùn tí mo mọ̀ dunjú dán an wò. Mi ò ní orin lórí fóònù, mo bá fi ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ ránṣẹ́ lórí Wásáàpù dán an wò, èyí tí ẹ ti ní ara yín le koko.

Bùọ̀dá, mo gbọ́ èémí yín. Bí ẹ bá ti dánu dúró, àyà yín ń súfèé, bíi ti Bàbá lọ́dún tí wọ́n kú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ rí dókítà. Ẹ má fowó ránṣẹ́ lóṣù yìí, ẹ fi tọ́jú ara yín. Mi ò tíì sọ fún Màmá. Ilẹ̀ òkèèrè ò ní gbà yín lọ́wọ́ wa.

Tí ẹ bá dé látọ̀dọ̀ dókítà, ẹ má kọ ọ́, ẹ fẹnu sọ ọ́ ránṣẹ́. Ọkọ mi ti yá hẹ́dífóònù kẹta yẹn wálé.

Àbúrò yín,
Fọláyẹmí