Òbúkọ Tí Kò Gbọdọ̀ Tiro

Àtìní, 15 Sẹ̀tẹ́ńbà 2025
Ọkàn mi ò balẹ̀. Ṣéríkí ń tiro. Òbúkọ kúkúrú tí mo fi ìgò bọ́ nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, tí mo sì ń sìn láti ìgbà ìgbéyàwó Sùmáyyà, kí a lè fi ẹran tiwa sọ àkọ́bí rẹ̀ lórúkọ. Oyún ọmọ mi ti wọ oṣù ìbí báyìí. Àfáà sì ti sọ fún wa: ẹran tó ń tiro kò yẹ fún ìsọmọlórúkọ. Mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ wò — àárín pátákò ti rà, ó ń rùn. Òjò Santasi àdúgbò wa yìí ni. Ilẹ̀ ilé ẹran kì í gbẹ.

Àtàláátà, 16
Mo ya Ṣéríkí sọ́tọ̀ kó má baà kó o ran àwọn abo. Mo fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti iyọ̀ fọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo kó ẹrẹ̀ kúrò, mo da iyẹ̀ pákó gbígbẹ sílẹ̀. Mo ṣí ìpéǹpéjú gbogbo wọn wò. Ti Ṣéríkí pọ́n dáadáa. Ti abo kan funfun — aràn nìyẹn. Mo fún un lóògùn.
Mo pe Sùmáyyà ní Tema. Kò gbé e.

Àlàrùbá, 17
Ó fi ohùn ránṣẹ́. Dókítà ní ó ṣì ku díẹ̀. Òun á wá bímọ lọ́dọ̀ mi bí a ṣe jọ sọ ọ́. Ohùn náà dàbí ti ẹni tí kò sùn. Ṣé ó ń jẹun ṣá?

Jímọ̀, 19
Rahim ọmọ mi, mẹkáníìkì tí mo ń pè ní Fítà, kò yọjú. Ó ní Tema lòun wà, òun ń wá gíábọ́ọ̀sì fún kọ́sítọ́mà. Mo ní kó yà kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó gbà: "Yoo, Màámi."

Àìkú, 21
Fítà dé. Ó di ẹsẹ̀ Ṣéríkí mú, mo fi ọ̀bẹ gé pátákò tó ti hù jù, mo fọ ibi tó rà, mo fi oògùn sí i. Bí mo ṣe ń gé e ni mò ń ṣàdúrà: kí ẹsẹ̀ yìí san kí ọmọ tó dé. Fítà ní, "Màámi, Magazine, ọgbà àwa mẹkáníìkì, ló yẹ yín. Ẹ ò bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi." Mo bèèrè ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ara rẹ̀ le. Ẹ fọkàn balẹ̀." Kò wojú mi. Mo rò pé òórùn pátákò ni.

Àtàláátà, 23
Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló fi ń tẹlẹ̀. Alihamudulilahi. Mo sá èèpo ẹ̀gẹ́ kó gbẹ kí n tó fún un. Tútù lè wú u níkùn. N kò fẹ́ kí nǹkan kan tún ṣe é.

Àlàmísì, 25
Mo lọ sí àdúgbò Alabar ra oògùn aràn. Zàhràù, tí a jọ dàgbà níbẹ̀, pè mí láti ẹnu ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. "Ìyá Sùmáyyà, bárékà. Ẹ kú ewu ọmọ. Ìsọmọlórúkọ yẹn mà dùn o. Àmọ́ n kò rí ọ nínú fọ́tò kankan."
Mo ní èmi ni mò ń ya fọ́tò.
Ó ṣàdúrà. Mo ṣe àmín. N kò mọ bí mo ṣe wọ ọkọ̀ trotro padà sílé.

Jímọ̀, 26
Mo lọ sí Magazine ní Suame. Abẹ́ ọkọ̀ ni Rahim wà. Mo ní kó jáde.
Ó jẹ́wọ́: Sùmáyyà ti bímọ, ọkùnrin ni. Jímọ̀ tó kọjá ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Nígbà tí Sùmáyyà fi ohùn yẹn ránṣẹ́ sí mi, ọmọ ti wà lápá rẹ̀. Rahim wà níbi ìsọmọlórúkọ. Ó jẹ nínú ẹran. Kò sí gíábọ́ọ̀sì kankan.
"Mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́, Màámi, òun ló ní kí n má sọ. Ó ní bí ẹ bá dé, ẹ ò ní jẹ́ kí ọmọ mí. Ó ní ẹ máa ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀ wò bíi ti ewúrẹ́."
Ó ti mọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ó di ẹsẹ̀ yẹn mú, ó ń gbọ́ àdúrà mi, ó ń fi mí ṣeré.
Ó fẹ́ sọ orúkọ ọmọ fún mi. Mo ní kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

Àbámẹ́ta, 27
Òjò. N kò dé ilé ẹran.
Mo kọ, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ. Èyí ni mo fi ránṣẹ́ níkẹyìn:
Sùmáyyà, mo ti gbọ́. N kò bèèrè ìdí. Orúkọ ọmọ ni mo fẹ́, ẹnu rẹ ni mo sì ti fẹ́ gbọ́ ọ. N kò ní wá àfi bí o bá pè mí. Jọ̀wọ́, má jẹ́ kó pẹ́ kí o tó fèsì.