Ojú Àna Lórí Ìlà Omi

Kyumbuni,
Ọjọ́ Ajé.

Kyalo ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé Nairobi ò le mọ́ ọ jù? Ọlọ́run tó sìn ọ́ débẹ̀ kò ní fi ọ́ sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ ò ní kọ lájò. Ara wa le níbí, àfi àyà mi tó ń já láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Ìjọba ìbílẹ̀ ló ní owó kan wà nílẹ̀ fún àdúgbò wa, pé àwa ará ìlú la ó sọ ohun tí wọn yóò fi ṣe. Wọ́n ní owó wa ni. Mo bá gbé agbọ̀n dání lọ sípàdé, mo rò pé wọn á pín in, ìgbà tí mi ò rí agbọ̀n lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni mo jókòó lé tèmi. Nǹkan méjì ni wọ́n ní ká yàn nínú rẹ̀: kí wọ́n mọ ògiri dí odò wa tó ti di iyanrìn, kí omi lè máa dúró, tàbí kí wọ́n ri òpó iná síwájú ṣọ́ọ̀bù Ndolo tó ń ta ọtí. Kálukú á tò sẹ́yìn èyí tó fẹ́.

Ẹ̀yìn omi ni mo tò sí o! Ṣé Syombua àbúrò rẹ tó lóyún oṣù kẹjọ, tó ń fọwọ́ wa iyanrìn kó tó rí omi bù, ni màá wá fi sílẹ̀ nítorí iná? Àmọ́ Muthengi ọkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe olórí ìlà wa, òun ló ń ka èèyàn, ó sì ń fọwọ́ kan èjìká kálukú bó ṣe ń kà á. Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀. Ṣé ọkọ ọmọ mi ni yóò fọwọ́ kan èmi ìyá ìyàwó rẹ̀, ohun tó jẹ́ èèwọ̀ nílẹ̀ wa, lójú gbogbo ayé? Òun náà rí mi, ó fi fìlà bojú, ṣùgbọ́n kò dúró. Ni mo bá fò bọ́ sínú ìlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, àṣé ìlà iná ni, kí n tó mí, wọ́n ti kà mí mọ́ wọn! Ìgbà tí wọ́n kà á tán, ìlà méjèèjì dọ́gba. Wọ́n ní a ó tún un tò lọ́jọ́bọ̀ tó ń bọ̀, èyí tó bá borí lọ́jọ́ náà, ó parí nìyẹn.

Láti ìgbà náà, àwọn obìnrin ò kí mi lódò mọ́. Wọ́n ní Ndolo ti fún mi lẹ́ran jẹ. Kyalo, eyín wo ló kù lẹ́nu mi tí màá fi jẹ ẹran Ndolo? Mo ní kí Syombua bẹ ọkọ rẹ̀ kó jẹ́ kí ẹlòmíràn kà, ó ní ìjọba ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kò ṣeé pààrọ̀ mọ́. Ó wá bi mí pé ṣé ojú àna lòun máa bù mu ni. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun.

Ìjọba tilẹ̀ kọ̀wé sórí fóònù mi pé kí n sọ èrò mi. Mo kí wọn, mo béèrè aya àtọmọ, mo ro gbogbo ẹjọ́ mi. Wọ́n fèsì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé àwọn dúpẹ́, àwọn ti gbọ́. Mo bi wọ́n pé kí wá ni kí n ṣe, wọ́n tún ní àwọn dúpẹ́, àwọn ti gbọ́. Ẹni tó ń gbọ́ tí kì í dáhùn, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

Jọ̀wọ́, fi owó agbòòrùn ránṣẹ́ sí mi kó tó di Ọjọ́bọ̀, ńlá ni kó jẹ́, èyí tó lè bò mí dé àyà. Abẹ́ rẹ̀ ni màá dúró sí lórí ìlà omi. Pe Muthengi, torí èmi ò lè wo ojú rẹ̀ sọ ọ́, ní kó fọwọ́ kan agbòòrùn, kó má fò ó o, èèyàn ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Òùngbẹ ò ní gbẹ ọ́ nílé, kò ní gbẹ ọ́ lájò.

Èmi ni ìyá rẹ,
Kalondu.