Gòólù tí Ẹ Kọ sí Orúkọ Mi

Bàbá mi, ẹ̀yin tí mò ń ṣàárò,

Ara Màámá le, àgbàdo wa lọ́nà Sanson sì ti yọ ọmọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mo bá wá.

Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, Tonton Múfútáù ló ń kọ orúkọ àwọn tó bá gbá gòólù wọlé fún ẹgbẹ́ wa sínú ìwé dípò yín. Mi ò fọkàn tán an. Kóòṣì fẹ́ yọ Wàhábù kúrò níwájú, ó ní gòólù rẹ̀ kò tó nǹkan, ọmọ ẹ̀gbọ́n Tonton ni yóò rọ́pò rẹ̀. Ọmọ yìí kan náà ni ìwé Tonton sì ń fún ní gòólù ṣáá! Méjì nínú wọn, ojú mi ló ṣe: Wàhábù ló gbá wọn wọlé.

Níbi tí a ti ń jókòó mu tíì lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, a fa ọ̀rọ̀ náà títí. Àwọn kan ní kóòṣì kò mọṣẹ́, àwọn kan ní Wàhábù ti sanra jù. Ni mo bá dìde, mo ní ìwé bàbá mi kò parọ́ rí, n ó gbé e wá kí wọ́n rí bí ìwé olóòótọ́ ṣe ń rí. Ẹnu mi yìí!

Mo kọ́kọ́ ṣí i nílé. Mo rí bí ẹ ṣe máa ń fi báírò pupa fa ìlà sábẹ́ gòólù tó bá dùn mọ́ yín, ẹ̀rín pa mí. Mo wá dé ojú ewé ọjọ́ tí àwa àti ẹgbẹ́ Goro jọ gbá bọ́ọ̀lù. Orúkọ mi ló wà níbẹ̀, ìlà pupa méjì lábẹ́ rẹ̀.

Bàbá, ẹsẹ̀ mi kò kan bọ́ọ̀lù yẹn. Orúnkún Ráfíù ló bà tó fi wọlé. Èmi kàn ń sáré, mò ń pariwo ni. Lẹ́yìn ọjọ́ náà ni kóòṣì ìgbà yẹn yẹ ìwé yín wò, ó fi mí sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́, ó yọ Ráfíù. Èmi rò pé eré sísá mi ló wù ú.

Ṣé ojú yín ni kò ríran dáadáa mọ́? Ẹ ti ń fi etí aṣọ nu ojú nígbà yẹn. Àbí ẹ rí i kedere? Ó dùn mí pé èmi tí mò ń fura sí Tonton, ẹ̀yin ni mo wá ń fura sí.

Jímọ̀ tó kọjá, mo gbé ìwé náà lọ. Ó ṣe mí bíi kí n fo ojú ewé yẹn, àmọ́ Ráfíù jókòó níbẹ̀, ó ń mu tíì. Mo kà á sókè, mo ní irọ́ ni, Ráfíù ló ni gòólù náà. Tonton Múfútáù rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà tí ìwé yín náà ti parọ́, ọ̀rọ̀ Wàhábù bá ibẹ̀ lọ.

Ráfíù gbé kọ́ọ̀pù sílẹ̀. Ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́. Ó ní láti gbogbo ọdún yìí wá, èmi ni òun rò pé mo bẹ̀ yín kí ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Mo ní rárá, mo fi Ọlọ́run búra. Ó wò mí, ó ní: «Ça va, kò burú, ọ̀rẹ́, ó ti tán.» Kò gbà mí gbọ́, Bàbá. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè jẹ́rìí mi.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí inú rẹ̀ kò tíì rọ̀ sí yín.