Súìṣì Tó Ń Dún

Ọmọ mi, awakọ̀ ti ń fọn fèrè níta. Ọkọ rẹ wà nínú mọ́tò, mo fi táwẹ́ẹ̀lì di ọwọ́ rẹ̀. Ilé ìwòsàn là ń lọ.

Wọ́n nà án nínú géèmù orí kọ̀ǹpútà láàárọ̀ yìí. Ó ní àwọn súìṣì tuntun tí o tò sábẹ́ bọ́tìnì kíbọọ̀dù ló fà á, pé wọ́n le, wọ́n sì ń pariwo, àwọn tó fúyẹ́ lòun ní kí o rà. Mo ní iṣẹ́ ìwé títẹ̀ rẹ ló ń bọ́ wa.

Ó ní, "Bàbá, ẹ jókòó yín jẹ́ẹ́."

Ó fọ́ kíbọọ̀dù náà mọ́ ògiri. Ó mú ọ̀bẹ, ó ní òun ń dúró dè ọ́. Mo fi ọ̀pá mi lù ú lọ́rùn ọwọ́. Mo gbọ́ egungun tó kán.

Ti ilẹ̀kùn. Bí òun nìkan bá dé, má ṣí i.

Súìṣì tó ń dún náà ni kí o tún rà. Bí mo bá ti ń gbọ́ ìró rẹ̀ láti yàrá mi, mo mọ̀ pé kò sí ohun tó ṣe ọ́.

Má wọ pálọ̀ láìwọ bàtà. Irin abẹ́ kíbọọ̀dù nìkan ni kò fọ́. Òun ni mo fi tẹ ìwé yìí mọ́lẹ̀.