Ẹ̀rọ Iná Tí A Fi Àáró Tọ́jú ní Ẹlẹ́gbẹ́ka

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú òjò, ẹ kú àmójútó àwọn tó wà nílé. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ìhín. Mo kí bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé àti ìyàwó wọn, mo kí ìyá àgbà tí wọ́n ṣì ń sọ pé àwọn ò mọ ọ̀nà agbègbè Ọ̀sẹ̀ tí mo gbà lọ síbi iṣẹ́. Mo ní kí àwọn tó ń ṣe ìwé ìròyìn ìjọ wa ní Ṣakí tẹ lẹ́tà yìí sínú rẹ̀, kí ẹni tó bá ní ọmọ ní ìdálẹ̀ lè bá yín kà á.

Ara mi le, owó oṣù sì ń tó mi jẹun. Ilé iṣẹ́ gàrí tí mo wà ní Ẹlẹ́gbẹ́ka yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbérasọ ni, èmi ni mo ń ṣọ́ sítọ́ọ̀ rẹ̀. Ẹ sọ lórí fóònù lọ́jọ́sí pé iṣẹ́ ìjókòó ni mò ń ṣe, pé kí n ṣọ́ra kí n má sanra jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ irú ìjókòó tí mo jókòó.

Tírélà gbé ẹ̀rọ iná kan dé, èyí tí yóò máa yí ọlọ ẹ̀gẹ́. Ó tóbi tó màlúù, irin ni látòkè délẹ̀. Awakọ̀ ń kánjú, ó fẹ́ dé Ìfọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn tó fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀ bá fẹ́ so okùn mọ́ ọ̀pá irin tó yọ níwájú rẹ̀, torí ó jọ ibi ìdìmú. Mo ní rárá. Ọ̀pá yẹn ni yóò máa yí ọlọ. Bó bá tẹ̀ díẹ̀ báyìí, ẹ̀rọ á máa gbọ̀n títí yóò fi bàjẹ́. Òrùka tó wà lórí rẹ̀ ni wọ́n dá fún gbígbé. Mo lé gbogbo ènìyàn kúrò lábẹ́ rẹ̀, mo sì yẹ ara rẹ̀ wò yíká kí n tó gbà pé a ti gbà á. Awakọ̀ ní ìyàwó òun kì í da òun láàmú tó báyìí. Mo ní kó bá mi kí ìyàwó náà.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ilé tí ẹ̀rọ máa gbé kò tíì parí, òjò sì ti dé. Àwọn àgbẹ̀ Ẹlẹ́gbẹ́ka àti Ìdógùn sì ti gbin ẹ̀gẹ́ dè wá. Bàbá Olú, tó jẹ́ olórí wọn, fi gbogbo ilẹ̀ tiwọn gbin ẹ̀gẹ́. Bí ẹ̀rọ yìí bá bàjẹ́ ní sítọ́ọ̀, ẹ̀gẹ́ á gbó sínú ilẹ̀, á le bí igi, kò sì ní sí ẹni tó máa rà á lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀rọ tó bá jókòó lásán máa ń ṣàìsàn, ìyá mi. A gbé e lé pákó kó má fara kan ilẹ̀, a tan hítà kékeré sínú rẹ̀ kí ooru máa lé ọ̀rinrin. A tún gbọ́dọ̀ máa fi ọwọ́ yí ọ̀pá rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí gíríìsì lè kárí, kí àwọn irin róbótó tó gbé ọ̀pá dúró má baà jókòó sójú kan kí wọ́n sì dípẹtà. Agbára mi kò ká a. Bàbá Olú ní kí n fọkàn balẹ̀, pé àáró ni àwọn máa fi ṣe é, bí àwọn ṣe ń ro oko ara wọn. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá nìyẹn, ẹbí kan lọ́sẹ̀ yìí, ẹbí mìíràn lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Wọ́n á fi èdè wọn dápàárá tí mi ò gbọ́ ìdajì rẹ̀, wọ́n á wá fi Yorùbá tí mo gbọ́ bi mí bóyá mo ti jẹun. Kí wọ́n tó máa wá, ọjọ́ Àìkú máa ń gùn fún mi, mo tiẹ̀ máa ń sunkún. Ní báyìí, bí mi ò bá tètè dé ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á béèrè mi.

Mo wá lọ sí Ọ̀wọ̀ fún ọjọ́ díẹ̀. Ẹ̀yìn mi ni ìjì ṣí páànù sítọ́ọ̀. Bàbá Olú fi inú rere sáré wá. Wọ́n pa hítà torí ẹ̀rù iná ń bà wọ́n, wọ́n fi ọ̀rá wé ẹ̀rọ látòkè délẹ̀, wọ́n so ó pinpin, bí wọ́n ṣe ń dáàbò bo kòkó tó ti gbẹ. Nígbà tí mo dé tí mo tú u, omi ń kán nínú ọ̀rá bí ìgbà tí èèyàn ṣí ìdérí ìkòkò mọ́ínmọ́ín. Òjò kò kàn án rárá. Òógùn ara rẹ̀ ló mu. Ẹnjiníà ilé iṣẹ́ wa fi ẹ̀rọ kékeré kan wò ó, ó ní ọ̀rinrin ti wọ àwọn wáyà inú, pé bí a bá tan án báyìí, jíjó ló máa jó. Bàbá Olú jókòó sórí ilẹ̀, wọ́n ní àwọn ti fi ọwọ́ ara àwọn ba oko àwọn ènìyàn àwọn jẹ́. Ẹ̀rù bà mí gan-an, ìyá mi.

A to gílóòbù yí i ká, a tan hítà padà, a ta aṣọ bò ó lókè, a fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ máa rìn. Nígbà tí iná lọ, àwọn àgbẹ̀ ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ara ẹ̀rọ ń yá. Ṣùgbọ́n Bàbá Olú kò wá mọ́, ojú ń tì wọ́n. Nígbà tí àáró kàn wọ́n, àbúrò wọn ni wọ́n rán wá. Mo dá àbúrò padà, mo sì lọ bá bàbá nílé. Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ̀rọ ń dúró dè wọ́n, pé mi ò gba aṣojú. Wọ́n dìde, wọ́n wọ bàtà.

Ilé parí, a gbé ẹ̀rọ jókòó, ẹnjiníà tún yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní inú rẹ̀ ti gbẹ, ó wá tan án. Kò gbọ̀n rárá. Ọlọ yí, gbogbo wa sì ń rẹ́rìn-ín bí òmùgọ̀. Ẹ̀gẹ́ Bàbá Olú ni a kọ́kọ́ lọ̀.

Gàrí tí mo fi ránṣẹ́ sí yín yìí, ara rẹ̀ ni. Bàbá Olú fúnra wọn ló rán ẹnu àpò náà. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó máa ra èyíkéyìí nínú rẹ̀, àfi bí ìyá tó bí ẹni tó wá mú àwọn jáde nílé bá ti kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ jẹ èrè wa pẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, ẹ sì tètè pè wá, kí ẹ sọ bí gàrí náà ṣe rí lẹ́nu yín, gbogbo Ẹlẹ́gbẹ́ka ń retí yín.

Èmi ni ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́