Òwú Pupa Kan fún Ẹ̀yin Méjèèjì

Ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn tí mo ti pa áyọ́ọ̀nù.

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, Dákẹ́jẹ́,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Mo lérò pé ara rẹ le, pé o ń rí oorun sùn, àti pé o ń jẹun kí ọ̀sán tó pọ́n, nítorí mo mọ̀ ọ́: bí gìtá bá ti wà lọ́wọ́ rẹ, ikùn rẹ a di àlejò tí ẹnikẹ́ni kò kí. Bí o bá béèrè èmi, mo wà. Orúnkún ń dùn mí, apá ń ro mí láti èjìká dé ìka, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó jẹ́ tuntun níbẹ̀. Ó kàn rẹ̀ mí ni. Kì í ṣe àárẹ̀ iṣẹ́ nìkan. Ọ̀rọ̀ ló ti sú mi, ìdí sì nìyẹn tí mo fi jókòó sí ẹ̀yìn tábìlì tí mo fi ń lọ aṣọ, tí mo ń kọ̀wé sí ọ.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí ìwọ àti Aláriwo ti di olókìkí ni mi ò ti sọ fún ẹnikẹ́ni ní òpópónà yìí pé ọmọ mi ni ọ́. Bí mo bá sọ ọ́, wọn yóò kún ṣọ́ọ̀bù láti wá wò mí, ẹnikẹ́ni kò sì ní gbé aṣọ dání. Pẹ̀lú bí mo ṣe pa á mọ́ tó yìí náà, àwọn olólùfẹ́ orin yín ṣì sọ ṣọ́ọ̀bù mi di ilé ẹjọ́. Onígbàjámọ̀ tó wà ní òdìkejì títì ni agbẹjọ́rò Aláriwo. Awakọ̀ takisí kan, tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé, ni agbẹjọ́rò tìrẹ. Orúkọ orí ìtàgé ni wọ́n fi ń pè yín, ṣùgbọ́n orúkọ tí mo mọ̀ yín sí nínú ilé ni èmi yóò máa lò. Ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ nítorí ooru rẹ̀, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀.

Onígbàjámọ̀ á ní Aláriwo ni olóòótọ́, nítorí òun ló dúró ti ẹgbẹ́ olórin yín nígbà tí ìwọ gbé gìtá kọ́ èjìká tí o bá ẹsẹ̀ rẹ sọ̀rọ̀. Ọ̀dàlẹ̀ ló ń pè ọ́, ojú mi ló sì ti ń pè ọ́ bẹ́ẹ̀, bí mo ti ń lọ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì òun fúnra rẹ̀. Awakọ̀ á fò dìde. Ta ló kọ orin? Ó ní bí o ti jáde ni orin ti bá ọ jáde, pé gbogbo àwo tí wọ́n ṣe lẹ́yìn rẹ, omi lásán ni, kò ní iyọ̀. Onígbàjámọ̀ á ní irọ́ ni, pé èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe lẹ́yìn tí o lọ dára ju gbogbo èyí tí o bá wọn ṣe. Wọ́n á máa fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni méjì tó ń fa aṣọ ìbora kan nínú òtútù. Èmi á máa tẹ áyọ́ọ̀nù. Wọ́n ní ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà, ṣùgbọ́n kí n má tàn ọ́, tèmi ti ń mì.

Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ìjà tí wọ́n ń jà lórí orin yín tó ń jẹ́ “Fèrèsé Ẹ̀yìn.” Awakọ̀ ti búra pé ìwọ nìkan lo kọ ọ́ tán. Onígbàjámọ̀ ní ohùn gìtá lè jẹ́ tìrẹ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ti Aláriwo ni. Èmi tí mo wà níbẹ̀ kò mọ̀. Ẹ̀yìnkùlé ṣọ́ọ̀bù yìí ni. Ẹ ń bá mi sá aṣọ ibùsùn òtẹ́ẹ̀lì, aṣọ funfun lọ láti ògiri dé ògiri. Ẹnìkan dá orin, ẹnìkejì gbè é láti ẹ̀yìn aṣọ, ẹni àkọ́kọ́ ní rárá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó yí i padà, ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ ń rìn láàárín àwọn aṣọ náà. Ẹsẹ̀ yín nìkan ni mo ń rí nísàlẹ̀, mi ò rí ẹnu ẹni tó ń kọrin. Bí mo ti jẹ́ ìyá tó, bí wọ́n bá pè mí ní ẹlẹ́rìí, mi ò lè sọ ibi tí ti ẹnìkan parí sí tí ti ẹnìkejì fi bẹ̀rẹ̀.

O kò ní gbàgbé òwú. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ òwú tirẹ̀, tí mo ń rán sí etí aṣọ láti inú, kí ti ẹnìkan má baà bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Nígbà tí ìyá Aláriwo, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń fọṣọ nínú báàfù kan náà, kú tó fi ọmọ sílẹ̀, tí mo sì mú ọmọ náà wọlé, mo fún un ní òwú tirẹ̀, àwọ̀ ewé. Tìrẹ jẹ́ pupa. Kò pẹ́ tó fi sú mi. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jí ni í wọ èyí tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà, ẹni tó bá pẹ́ lórí ẹní a wá èyí tó kù. Níkẹyìn mo tú òwú ewé kúrò, mo fi pupa sí ti ẹ̀yin méjèèjì, mo ní kí n sinmi. Jẹ́ kí èyí wà lọ́kàn rẹ bí o ti ń ka ìyókù.

Ní Sátidé tó ṣáájú èyí tó kọjá, onígbàjámọ̀ gbé àwo tuntun Aláriwo wá lórí fóònù, pẹ̀lú ẹ̀rọ agbóhùnjáde kékeré kan. Kó tó tan án, awakọ̀ ní kí gbogbo wọn dákẹ́, ó fẹ́ sín ohun tí o sọ lórí rédíò jẹ. Ó wú àyà, ó sì sọ ọ́ bí o ti sọ ọ́: “Ẹ má bi mí léèrè nípa àwo yẹn. Ọkùnrin yẹn kò kọrin mọ́, gbígbó ló ń gbó bí ajá arúgbó.” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn, onígbàjámọ̀ alára rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi, mi ò mọ̀ pé o ní irú ẹnu bẹ́ẹ̀. Ìwọ tí mo ti ń bẹ̀ láti kékeré pé kí o jọ̀ọ́ sọ̀rọ̀, ìgbà tí o wá la ẹnu, èyí ni o rí sọ. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ kò ṣe é kó mọ́. Ó dùn mí, mi ò ní fi pamọ́ fún ọ.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n tan orin. Ohùn rẹ̀ ha lóòótọ́. Onígbàjámọ̀ ní ọgbọ́n orin ni, pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ń ha á ni, pé bí àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ti ń ṣe nìyẹn. Awakọ̀ ní ọtí ni. Tíṣà obìnrin kan tó wá gba aṣọ rẹ̀ ní rárá o, ẹ̀dùn ọkàn ni, ó ń ṣọ̀fọ̀ ọ̀rẹ́ tó lọ. Wọ́n ń gbọ́ orin, kò sí ẹni tó ń gbọ́ ọmọ náà nínú wọn. Kó tó bẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé itọ́ mì, á dúró díẹ̀, á tún gbé e mì. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Bó ti ń ṣe nìyẹn ní kékeré bí ọ̀fun bá ń dùn ún tí kò sì fẹ́ kí n mọ̀, kí n má baà ní kó jókòó sílé. Mo dúró gbagidi, mo ń gbọ́ ọ, áyọ́ọ̀nù náà bá mi dúró. Òórùn ló ta mí jí. Mo ti jó ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì awakọ̀ takisí. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe alágbàfọ̀, mi ò jó aṣọ oníbàárà rí. Ó bínú díẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́, ó gbà, ó sì padà sídìí ẹjọ́ rẹ.

Ní ọjọ́ kejì, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Mo gun àtẹ̀gùn ilé gíga tó ń gbé títí orúnkún mi fi ń bú mi. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, ó fi aṣọ wé ọrùn nínú ilé, ó ti rù. Ó di mọ́ mi, kò pariwo. Ṣé o gbọ́? Aláriwo ṣílẹ̀kùn fún mi, kò sì pariwo. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló fi sọ fún mi pé wọ́n ti rí kókó kan ní ọ̀fun òun, pé wọ́n máa gé e ní Ọjọ́bọ̀, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé èyí tí mo ń kọ̀wé yìí. Dókítà kò fi ọ̀rọ̀ bò fún un. Orin ti parí. Bó bá rí ohùn sọ̀rọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, kó dúpẹ́. Ó ti mọ̀ kí wọ́n tó parí àwo yẹn, ó ní òun kàn fẹ́ ná èyí tó kù tán ni.

Mo bi í bóyá ó gbọ́ ohun tí o sọ lórí rédíò. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní ohùn. Ó ní, “Màámi, òun nìkan ló gbọ́ ọ dáadáa. Àwọn yòókù ní ọgbọ́n ni, wọ́n ní ọtí ni. Òun ló sọ pé ohùn náà ti bàjẹ́. Mo ní háà, etí ọmọ yìí ṣì wà lára mi.” Gbogbo ojú ọ̀nà ni mo ti ń to ẹ̀bẹ̀ tí mo máa bẹ̀ ẹ́ nítorí rẹ, àṣé òun ni yóò gbèjà rẹ lójú mi. Mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì nígbà tí mo ń padà, obìnrin tó jókòó tì mí sì fún mi ní hankaṣífù rẹ̀.

Mi ò ní dá ẹjọ́ yín. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Èmi ti gbọ́ tẹnu ẹ̀yin méjèèjì, mi ò sì tíì rí ọ̀dàlẹ̀ níbẹ̀. Ìwọ ní ìrìn àjò ti pọ̀ jù, o fẹ́ jókòó kí orin jinná. Òun ní àwọn èèyàn ń dúró, ẹrù ti kún inú ọkọ̀, o kò sì jáde wá. Òótọ́ ni méjèèjì. Ahọ́n àti eyín ń jà, inú ẹnu kan náà ni wọ́n sì ń sùn. Ní Sátidé tó kọjá, onígbàjámọ̀ yíjú sí mi. Ó ní, “Màámà, ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń gbọ́ wa. Ti ta lẹ̀ ń ṣe nínú àwọn méjèèjì?” Mo ní ti ẹni tí aṣọ rẹ̀ bá dọ̀tí. Wọ́n rò pé àwàdà ni.

Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ fún kò pọ̀. Wá. Má gbé gìtá dání. Mi ò ní kí ẹ ṣe àwo, mi ò ní kí ẹ tún ẹgbẹ́ dá, bẹ́ẹ̀ ni mi ò ní kí ẹnìkan dọ̀bálẹ̀ fún ẹnìkan. Mo kàn fẹ́ kó jẹ́ pé ìwọ ló máa rí lórí àga nígbà tó bá lajú. Òun kò ní lè sọ̀rọ̀, ìwọ kì í sì í sọ̀rọ̀, ẹ ó gbádùn ara yín. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ kan bá wà tí o fẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ dá ọ lóhùn, má dúró de Ọjọ́bọ̀. Tètè wá ní Ọjọ́rú.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ fún mi. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní di ẹrù sí ọ lọ́rùn. Ọ̀nà yóò là láti ilé rẹ dé ọ̀dọ̀ wa, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ̀ ọ́. O kò ní wá ẹni tí ẹ jọ dàgbà tì. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ, tí í ṣe ìyá rẹ̀ pẹ̀lú,
Alágbàfọ̀.

Àfikún: Ó ní kí n má kọ̀wé sí ọ, kí n jẹ́ kí o máa bá iṣẹ́ rẹ lọ. Mo gbọ́. Láti ìgbà wo ni mo ti ń gba àṣẹ lẹ́nu ọmọ? Ó kó aṣọ tó máa lò nílé ìwòsàn fún mi pé kí n bá òun fọ̀ ọ́. Nígbà tí mo yí etí ọ̀kan nínú wọn padà láti rán òwú pupa sí i, mo bá òwú pupa níbẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ aláwọ̀ sánmà ni, èyí tí o ti ń dà mí láàmú lé lórí láti ọjọ́ tí o ti kúrò lọ́dọ̀ wọn, tí mo ń sọ fún ọ pé mi ò rí i. Inú ọkọ̀ ẹgbẹ́ ni o fi í sílẹ̀ sí, Aláriwo ló sì ti ń wọ̀ ọ́. Mo ti lọ ọ́, mo ti fi kọ́ hángà, ṣẹ́ẹ̀tì yẹn ló máa wọ̀ lọ ní Ọjọ́bọ̀. Bí o bá ṣì fẹ́ ẹ, wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ fúnra rẹ.