Alhaja Modinat Ọdẹ́túnjí, Ẹni Tí Ó Dúró Ti Omi Bàrígà

Ní ọdún 1938, ní agbo ilé Ọláwuyì ní Ìtòkò, Abẹ́òkúta, ni a bí màmá wa, Alhaja Modinat Àṣàkẹ́, fún Alfa Sánní Ọláwuyì àti Ìbídàpọ̀, aya rẹ̀.

Wọ́n ka ìwé mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú ẹja. Ní 1961, wọ́n fẹ́ Alhaji Kamaldeen Ọdẹ́túnjí, tí ń tẹ̀wé ní Ṣómólú. Abúlé Òkúta ní Bàrígà ni wọ́n kọ́lé sí. Ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹja ni Alhaja sìn títí wọ́n fi fẹ̀yìntì ní 1993. Bí a bá ní kí wọ́n sinmi, wọn a ní ṣebí sàárè ń bẹ níwájú.

Ní 1999, bí àwọn ológun ṣe gbé ìjọba sílẹ̀, ilé kíkọ́ gbòde, àwọn oníyanrìn sì kó ẹ̀rọ wọ ọ̀sà. Àbàtà etí omi Bàrígà ni ẹja ti ń yé. Láti ayé àwọn baba wọn, bí àsìkò ìyé bá tó, àwọn apẹja a ri igi mọ́lẹ̀, wọn a so màrìwò mọ́ ọn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ju àwọ̀n síbẹ̀. Baba Japhet, olórí apẹja, wá bá Alhaja pé àwọn oníyanrìn kò ka màrìwò sí, kí wọ́n jọ̀ọ́ fi ìmọ̀ iṣẹ́ wọn ran àwọn lọ́wọ́. Alhaja wọn ibẹ̀ káàkiri, wọ́n ní kí àwọn apẹja yọ màrìwò, kí wọ́n fi àgbá pupa sórí omi, kí àjèjì lè rí i lókèèrè.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Àwọn apẹja kò mọ̀, Alhaja náà kò bèèrè: àgbá pupa ni àwọn oníyanrìn fi ń sàmì sí ibi tí yanrìn pọ̀ sí. Ní oṣù Keje, 2000, ẹ̀rọ ńlá kan kọjú sí àgbá náà tààrà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ilẹ̀ ọ̀sà. Àwọn ọ̀dọ́ fa àdá yọ. Baba Japhet ń dì wọ́n mú, nítorí àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ náà gbé ìbọn. Ẹ̀rù bà wá, a kò ní purọ́. Alhaja, tí kò mọ omi í wẹ̀, wọ ọkọ̀, wọ́n ní kí Baba Japhet wà á lọ sí ẹnu ẹ̀rọ gan-an.

Ọ̀gá ibẹ̀ ní, "Mama, abeg, ẹ kúrò níbẹ̀, wàhálà lẹ̀ ń wá o."

Alhaja ní, "Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé àgbá yẹn síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá máa wà á, ẹ kọ́kọ́ wà mí."

Ẹ̀rọ dákẹ́. Oòrùn pa Alhaja títí dìrọ̀lẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó dé wá lé àwọn oníyanrìn lọ. Ṣùgbọ́n ihò ti wà nínú àbàtà, ẹja kò sì yé níbẹ̀ mọ́. Àwọn kan ní Bàrígà sọ ọ́ sójú Alhaja pé ìmọ̀ràn wọn ló ba omi jẹ́. Alhaja bá àwọn apẹja so màrìwò padà, wọ́n kọ́ wọn bí a ti ń gbin igi sí etí omi kí ilẹ̀ lè dì. Ní mọ́sáláṣí wa, níbi tí wọ́n ti jẹ́ Ìyá Àdínì, àdúà kan náà ni wọ́n ń ṣe: kí Ọlọ́run dá ẹja padà kí Ó tó mú wọn lọ. Ó dùn wá púpọ̀ láti máa gbọ́ ọ.

Ní oṣù Kẹwàá, 2003, nígbà tí àìsàn ti dá Alhaja dùbúlẹ̀, Baba Japhet gbé ẹja ọ̀bọ̀kún kan wá nínú bàsíà omi láti inú àbàtà náà. Ẹyin kún inú rẹ̀. Alhaja fọwọ́ kàn án, wọ́n sunkún, wọ́n ní, "Ẹ tètè dá a padà síbi tẹ́ ẹ ti mú un." Ọ̀sẹ̀ náà kò parí tí ọlọ́jọ́ fi dé.

Wọ́n fi ọkọ sílẹ̀ lọ, pẹ̀lú àwọn ọmọ, Toheeb, Shakirat àti Dọlápọ̀, àti àwọn ọmọ-ọmọ. Kí Ọlọ́run fi àlùjánnà kẹ́ wọn.

Ẹ sùn re, màmá wa. Ẹja ti ń yé.